Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ọjà fún aráàlú, ẹ fi ojú àgbàlagbà wò ó kẹ́ ẹ tó kó o jáde

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Iṣẹ́ gráfíìsì ni mò ń ṣe ní Ṣómólú níbí, lébẹ́ẹ̀lì àti páálí la máa ń ṣe jù, ti oògùn, ti ìpara, ti àgbo inú ike, ti ọṣẹ, ti jùúsì, gbogbo ohun tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọjà kó tó dé ọwọ́ aráàlú. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó, inú ń bí mi sí i, àánú sì tún ń ṣe mí pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe ọjà fún wa, ojú ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń wò ó kó tó jáde, etí ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ìka ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń ṣí i, tó bá wá délé tán, ìyá ẹni 70 ọdún ló fẹ́ lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí oògùn èyíkéyìí tó wà nílé yín, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ sí. Lára ọ̀pọ̀ páálí wọn kì í fi íǹkì kọ ọ́ rárá, irin ni wọ́n á kàn fi tẹ nọ́ńbà wọ inú páálí funfun, àfi kéèyàn gbé e sókè sí iná kó máa yí i sọ́tùn-ún sósì kó tó lè rí òjìji nọ́ńbà yẹn. Ọ̀dọ́ á rí i tó bá fara balẹ̀. Ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, páálí funfun lásán ló máa rí. Ẹ tún wo ti NAFDAC, èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún 2010, tí wọ́n ní ká máa ha ara páálí àwọn oògùn kan ká fi nọ́ńbà tó bá jáde ránṣẹ́ lórí fóònù ká lè mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Ìlànà tó dáa ni, mo fara mọ́ ọn gan-an. Àmọ́ nọ́ńbà gígùn tó rí tín-ín-rín yẹn, ta ló máa kà á fún bàbá tó ń dá gbé? Ẹni tí oògùn ayédèrú lè ṣe ní jàǹbá jù, òun gan-an ni kò lè ka nọ́ńbà tó yẹ kó dáàbò bò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí o.

Kì í sì í ṣe pé àwọn èèyàn yìí kéré níye. Èèyàn bá ti ń lọ sí bí 45 ọdún, dígí tí Ọlọ́run fi sínú ẹyinjú wa á ti máa le, kò ní rọ̀ tó láti wo ohun tó bá sún mọ́ni mọ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn bàbá tó máa ń na ìwé jìnnà sójú kí wọ́n tó kà á. Dígí yẹn náà á tún máa di yẹ́lò díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá á máa dín kù, débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ojú ẹni 60 ọdún ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ọmọ 20 ọdún lọ. Ara líle nìyẹn o, a ò tíì dé orí àìsàn. Kàtáráàtì wà níbẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí dígí yẹn ṣú pátápátá, glaucoma náà wà níbẹ̀ tó máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú wọ inú títí ẹni náà á fi máa ríran bí ẹni ń yọjú wo nǹkan gba inú páìpù, àìsàn yẹn sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fojú bù ú pé àwọn tó ti lé ní 40 ọdún tí ojú wọn ò ríran dáadáa tàbí tó ti fọ́ pátápátá lé ní mílíọ̀nù 4. Nígbà yẹn ni o. Gbogbo àwọn yìí ló ń ra oògùn, tí wọ́n ń náwó, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ POS.

Wàyí o, ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń ṣe ọjà nílùú òyìnbó ti ń gbà mọ ibi tí ọjà wọn ti ń ni àgbàlagbà lára, ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn, torí kò wọ́n, a lè ṣe é níbí.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Patricia Moore lorúkọ ẹ̀. Ní 1979, ọmọ ọdún 26 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Raymond Loewy ní New York, Loewy yìí jẹ́ ọ̀gá pátápátá nínú àwọn tó ń ya bí ọjà á ṣe rí, mọ́tò o, fíríìjì o, rélùwéè o. Níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé lórí ìlẹ̀kùn fíríìjì, obìnrin yìí wá béèrè pé ṣé wọn ò lè ṣe é lọ́nà tí ẹni tí làkúrègbé wà lọ́wọ́ ẹ̀ á fi lè ṣí i wẹ́rẹ́. Èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn kì í ṣe ọjà fún irú àwọn èèyàn yẹn. Irú àwọn èèyàn yẹn! Àwọn ìyá àti bàbá tó bí wọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ó lọ bá Barbara Kelly, ẹni tó máa ń ṣe ojú fún àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn bá a ṣe awọ híhunjọ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú, ó wọ irun funfun, ó wọ awò tó jẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bàìbàì lójú ẹ̀, ó dí etí ẹ̀ kó má gbọ́ràn dáadáa, ó fi igi àti báńdéèjì di oríkèé ara ẹ̀ kó má lè ká bó ṣe wù ú, bàtà tó wọ̀ pàápàá kò dọ́gba kí ìrìn ẹ̀ lè yí padà. Tó bá ti múra tán báyìí, ìyá ẹni 80 ọdún ló dà, kò sẹ́ni tó máa fura. Láti 1979 títí di 1982 ló fi ń ṣe é láàárín iṣẹ́ ẹ̀, ó rìn dé ìlú tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ra ọjà, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó gun àtẹ̀gùn, ó gbìyànjú láti ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Nígbà míì á múra bí olówó, nígbà míì á múra bí ẹni tí ò nílé lórí, kó lè mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i á yàtọ̀. Àwọn ọmọ jàǹdùkú kan tiẹ̀ kọlù ú ní New York, wọ́n lù ú ní àlùbolẹ̀, wọ́n ṣe é léṣe gan-an. Kò torí ẹ̀ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni pé kì í ṣe tìtorí káwọn èèyàn lè káàánú àgbàlagbà nìkan ló ṣe é. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ ló ń wá kiri. Tí ọwọ́ tí báńdéèjì wà lára ẹ̀ ò bá lè ṣí ìdérí, ìdérí ni kò dáa, kì í ṣe ọwọ́. Tí ojú tí awò ṣú ò bá rí bọ́tìnnì, ibi tí wọ́n fi bọ́tìnnì sí ni ká lọ tún ṣe. Àwọn tó ń ya ọjà ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé èèyàn ló ní àléébù, òun wá yí ìbéèrè yẹn padà sí ara ọjà.

Àwọn míì wá tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford pẹ̀lú Yunifásítì Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe aṣọ kan tí wọ́n pè ní Third Age Suit, tí enjiníà tí ò tíì pé 30 ọdún bá wọ̀ ọ́, orúnkún ẹ̀ ò ní ká dáadáa, ẹ̀yìn ẹ̀ á le, ìka ẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó fọwọ́ kàn, awò yẹ́lò tó wà lójú ẹ̀ á sì jẹ́ kí àwọ̀ yí padà. Wọ́n á ní kó wọ inú mọ́tò kó sì jáde. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí níbẹ̀ wà lára Ford Focus tó jáde ní 1998, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ fẹ̀, ìjókòó ẹ̀ ga sí i, àwọn kókó tí wọ́n ń yí ti tóbi tó. Ní Yunifásítì Cambridge, awò ojú ni wọ́n ṣe ní tiwọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, tó ṣeé wọ̀ léra wọn. Wàá wọ ọ̀kan, wàá wo ọjà ẹ, tó o bá ṣì ríran wàá tún wọ èkejì lé e, títí tó ò fi ní lè kà á mọ́, iye awò tó wà lójú ẹ nígbà tí kíkà yẹn dúró ló máa jẹ́ kó o lè ṣírò irú àwọn tó ti já bọ́ nínú àwọn tó lè lo ọjà yẹn, àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Èyí wù mí gidigidi torí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àánú, á gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà tó ń sọ nù.

Ẹ̀yin tá a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí náà, ohun tẹ́ ẹ máa fi dán an wò ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín tipẹ́. Nínú Photoshop, ẹ lọ sí View, ẹ tẹ Proof Setup, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Color Blindness sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wo bí iṣẹ́ yín ṣe rí lójú ẹni tí kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń bí i mọ́ jù, láàárín àwọn òyìnbó ó tó bí 8 nínú 100 ọkùnrin, tiwa ò pọ̀ tó yẹn àmọ́ ó wà láàárín wa. Ẹni tó ń ṣe wẹ́bsáìtì náà, Chrome ní tiẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún wẹ́bsáìtì ṣe, èyí sì máa ń mú kí ojú ìwé rí bàìbàì pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́sítọ́mà á wọlé, á ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi fi gbogbo ẹ̀ sí i o," gbogbo ẹ̀ yìí ni orúkọ ọjà, àwòrán, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìkìlọ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, Instagram, lórí stíkà tí ò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Orúkọ ọjà gbọ́dọ̀ tóbi, àwòrán gbọ́dọ̀ tóbi, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ dín ìyẹn kù, torí náà bí wọ́n ṣe ń lò ó àti ìkìlọ̀ ni wọ́n á ní ká fún mọ́ igun, ohun tí ẹ̀mí èèyàn rọ̀ mọ́ ló máa ń kéré jù. Á tún ní góòlù lórí yẹ́lò lòun fẹ́. Tàbí lẹ́tà funfun tín-ín-rín lórí dúdú, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ̀ pé íǹkì dúdú yẹn máa ń ṣàn wọ inú lẹ́tà funfun tó bá kéré, tí maṣíìnì bá ti ń sáré báyìí "e" á di "o," 3 á di 8, ẹ̀yin náà ẹ wò ó tó bá jẹ́ pé iye síbí oògùn ni nọ́ńbà yẹn. Wọ́n á tún ní ká fi lámínéṣọ̀n dídán bò ó torí ó ń dán bíi ti òyìnbó, bẹ́ẹ̀ dídán yẹn ló ń da iná padà sójú àgbàlagbà tí ò fi ní rí nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀. Èyí tí kì í dán dáa jù fún wọn. Èyí tó wá ṣòro jù ni pé orí kọ̀ǹpútà la ti ń fi iṣẹ́ han oníbàárà, inú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ya iṣẹ́, tá a ti fà á tóbi di 400%, lẹ́tà á rí gàǹgà, á ní ó ti péye, ẹ gbé e lọ sórí maṣíìnì. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ síta ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kó gbé e jìnnà sójú bí ọwọ́ ṣe gùn tó, kó fi iná alẹ́ wò ó.

Ẹ wo ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe lórí lébẹ́ẹ̀lì oògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Deborah Adler ní School of Visual Arts ní New York nígbà tí ìyá àgbà ẹ̀ ṣèèṣì lo oògùn ọkọ ẹ̀, Helen lorúkọ ìyá, Herman lorúkọ bàbá, ìgò oògùn méjèèjì jọra, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pàápàá jọra. Ọmọ yìí wá ya ìgò tuntun tí ara ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kéèyàn lè ka ohun tó wà níbẹ̀ láì yí i, orúkọ oògùn tóbi lókè pátápátá, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé sì ní òrùka rọ́bà aláwọ̀ tiẹ̀ lọ́rùn ìgò. Ilé ìtajà Target gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2005, ClearRx ni wọ́n pè é. Nígbà tí Target ta ilé oògùn wọn fún CVS, ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá tí ìgò yẹn sì dáwọ́ dúró, àwọn aráàlú ń kọ̀wé ẹ̀sùn pé kí wọ́n dá a padà fáwọn. Aráàlú ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ìgò oògùn, ẹ ò rí i pé nǹkan tó rọrùn máa ń wọ èèyàn lára.

Èyí tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ìpara àti ọṣẹ irun ni ti ilé iṣẹ́ Kao ní Japan. Láti 1991 ni wọ́n ti ń ṣe ìlà wẹ́wẹ́ tó yọ sókè sí ẹ̀gbẹ́ ìgò ṣáńpù, èyí tí wọ́n fi ń mú irun rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kò ní, ẹni tí ò ríran á fọwọ́ pa á, á ti mọ èyí tó dì mú. Wọn ò gbé e pamọ́ fún ara wọn, wọ́n gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà lò ó, ó sì tàn káàkiri Japan. Ta ló sì wá jàǹfààní ẹ̀? Gbogbo èèyàn ni, torí kò sẹ́ni tó ń la ojú nígbà tí ọṣẹ bá wà lórí ẹ̀. Níbí, nínú ọ̀pọ̀ ilé, ike bílíìsì àti ike omi mímu lè jọra lọ́wọ́ pátápátá, kerosíìnì tiẹ̀ máa ń wà nínú ike omi. Ìlà mẹ́ta tó yọ sókè lára ike bílíìsì, èló ló máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe móòdù ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ, gbogbo ike tó bá jáde nínú móòdù yẹn á ní i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ kedere níbí kí ẹnì kankan má ṣì mí gbọ́. Mo ti rí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ, tí wọ́n á fi aṣọ di ojú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n rìn láti ibí dé ọ̀hún, wọ́n á máa kọsẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ẹni tó tú aṣọ lójú á ní "Háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rí i." Èyí ò dáa, kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Arielle Silverman, afọ́jú ni òun fúnra ẹ̀, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde ní 2015, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n di lójú fún ìgbà díẹ̀ wá ń fojú kéré ohun tí afọ́jú lè dá ṣe sí i ni, wọ́n ń rò pé afọ́jú ò lè ṣiṣẹ́, kò lè dá gbé. Ó sì yé mi dáadáa. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di lójú, ìdààmú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló mọ̀, kò mọ ohun tí afọ́jú ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, bó ṣe ń fi etí mọ ibi tí ògiri wà, bó ṣe ń lo ọ̀pá, bí fóònù ṣe ń ka ọ̀rọ̀ sí i létí. Torí náà awò bàìbàì yẹn, ọjà ni kẹ́ ẹ fi dán wò, ẹ má fi dán ayé ẹlòmíì wò. Ohun tó lè sọ fún yín ni pé lẹ́tà yìí kéré, àwọ̀ yìí ò hàn, bọ́tìnnì yìí ò ṣeé fọwọ́ mọ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Tẹ́ ẹ bá ti tún ìyẹn ṣe, ẹ wá pe àwọn tó ni ojú bẹ́ẹ̀ gan-an, àwọn afọ́jú, àwọn adití, àwọn arúgbó, ẹ gbé ọjà síwájú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wí, kẹ́ ẹ sì sanwó fún wọn bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó fún enjiníà, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń bá yín ṣe.

Ká ní wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ṣé owó wa á rí báyìí? Ẹ kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 sọ́wọ́ kẹ́ ẹ di ojú, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà. Owó pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí iye ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ló ṣe ń tóbi, wọ́n sì tún fi àkójọ àmì wẹ́wẹ́ tó yọ sókè sí igun £10 àti £20 tuntun, méjì fún ti àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ti èkejì. Tiwa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n yí owó padà ní ìparí 2022, àwọ̀ nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn, ₦1,000 tó jẹ́ bíráùn di búlúù, ₦500 di àwọ̀ ewé, ilé ẹjọ́ tó ga jù wá ní kí ti tẹ́lẹ̀ ṣì máa wà níta pẹ̀lú tuntun. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa dígí ojú tó ń di yẹ́lò o. Búlúù àti àwọ̀ ewé gan-an ni dígí yẹ́lò máa ń da pọ̀ mọ́ra jù. Ìyá tó ń ta ata lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì ní agogo méje alẹ́, owó méjì tó yẹ kó fi ìdajì ju ara wọn lọ, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ tí ojú ẹ̀ ò lè yà sọ́tọ̀. Ká ní ẹnì kan nínú àwọn tó ya owó yẹn wọ awò yẹ́lò fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, á ti rí i.

POS náà ńkọ́? Èyí tó ní bọ́tìnnì, ẹ fọwọ́ pa orí nọ́ńbà 5, ẹ máa bá nǹkan kékeré kan tó yọ sókè níbẹ̀, nǹkan kékeré yẹn ni afọ́jú fi ń mọ ibi tí gbogbo nọ́ńbà yòókù wà tó fi ń tẹ PIN ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn tuntun tí wọ́n ń kó wá báyìí, skríìnì pẹlẹbẹ ni, kò sí ohun tí ìka lè dì mú, afọ́jú á wá máa sọ PIN ẹ̀ sókè fún ẹni tó dúró sí ìdí POS níwájú gbogbo èrò. Àtọ̀gbẹ náà máa ń jẹ́ kí ìka kú, àwọn yẹn náà ò ní mọ̀ bóyá àwọn ti tẹ nǹkan tàbí àwọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ìró tí ẹ̀rọ ń dún nígbà tí iṣẹ́ bá yọrí, ohùn tín-ín-rín tó ń han gooro ni wọ́n máa ń fi sí i, bẹ́ẹ̀ irú ohùn yẹn gan-an ni etí arúgbó kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Tèmómítà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ínfátà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kò gba owó.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ò nílò aṣọ olówó ńlá ti Ford. Ra awò ojú tí owó ẹ̀ kéré jù lọ́jà, fi faselíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún, ìyẹn ti sún mọ́ ojú tí kàtáráàtì wà. Fi náílọ́ọ̀nù yẹ́lò bo òmíì. Lẹ òmíì pa pẹ̀lú páálí dúdú kó o dá ihò kékeré sí àárín fún ti glaucoma. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì léra wọn, fi òwú dí etí. Jókòó síbì kan o, má wọ̀ ọ́ rìn jáde sí títì, kó o wá mú ọjà ẹ lọ́wọ́, ka ohun tó wà lára ẹ̀, ṣí i, wọn oògùn sínú ìdérí ẹ̀, wá ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Kó o ṣe é lálẹ́ pẹ̀lú gílóòbù kan. Gbogbo ohun tó ò bá lè ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o lọ tún un ṣe kó o tó tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Láti ìgbà tá a ti ń kó irú awò yìí fún àwọn oníbàárà wa kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́, wọn kì í jiyàn lórí ìwọ̀n lẹ́tà mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń ní ká yọ àwòrán kan kúrò kí ìkìlọ̀ lè ráyè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣebí òfin ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ti Èkó ti wà láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019, wọ́n fún àwọn tó ni ilé tí aráàlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe, ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti oṣù kìíní 2024. Ọ̀rọ̀ ilé àti ọkọ̀ ṣe pàtàkì o. Àmọ́ ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ arọ wọ ilé oògùn wẹ́rẹ́ tí ò wá lè ka oògùn tó rà níbẹ̀ ńkọ́? Ní Yúróòpù, láti òfin 2004 ló ti di dandan kí orúkọ oògùn wà lára páálí ní Bíréèlì, àwọn tó ń fi ìka kàwé á lè kà á. Maṣíìnì tó ń tẹ góòlù sókè lára káàdì ìgbéyàwó pọ̀ ní Ṣómólú, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni títẹ Bíréèlì sára páálí, kò kọjá agbára wa rárá, ẹni tó máa ní ká ṣe é la ò rí.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ̀yin Olóòtú ni pé kẹ́ ẹ bá wa gbé ìbéèrè yìí lọ bá NAFDAC àti SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà dídára ọjà: lẹ́tà tó kéré jù tí wọ́n lè gbà fún ìlò oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó, ta sì ni wọ́n fi dán an wò? Kẹ́ ẹ bi Báńkì Àpapọ̀ náà léèrè bóyá wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú jókòó kí wọ́n tó ya owó tuntun. Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìpolówó oògùn tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tí wọ́n fi lẹ́tà eérú kọ sórí àwọ̀ eérú, àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn Yorùbá jù lónìí, àgbàlagbà ni, ẹ bá wọn dá a padà kí wọ́n lọ tún un ṣe. Tí oníròyìn yín bá sì fẹ́ ya fọ́tò bí lébẹ́ẹ̀lì ṣe ń rí nínú awò faselíìnì, kó máa bọ̀ ní Ṣómólú, ọjọ́ Sátidé ló dáa jù torí maṣíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo lọ́jọ́ yẹn, a máa kó gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì dè é.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Oníṣẹ́ gráfíìsì kan ní Ṣómólú, Èkó.